Ṣé Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Wọ Fraternity? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Kan ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún tàbí mọ́kàndínlógún lọ ló máa ń dojú kọ ìpinnu kan tí wọn kì í ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láti ṣe: ṣé kí wọ́n wọ fraternity, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin, tàbí sorority, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, àbí kí wọ́n yàgò fún un? Lẹ́tà Gíríìkì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń jẹ́ orúkọ, nítorí náà ẹgbẹ́ onílẹ́tà ni mo máa pè wọ́n níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ilé Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland àti ní Atlanta. Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Òbí tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ á gbọ́ ọ sí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ kì í ṣe ọ̀kan náà, síbẹ̀ wọn kò jìnnà síra tó bí ọmọ ṣe rò.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó yanjú ni pé àwọn tó ń dá sí i kì í gbọ́ ara wọn. Ẹni tó ń ka owó oṣù kì í ka òkú. Ẹni tó ń ka òkú kì í ka àwọn tí ẹgbẹ́ gbé ró nígbà tí yunifásítì pa wọ́n tì. Èrò tèmi ni pé ibì kan náà ni oore àti ibi àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń wá: yíyan ẹni díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀, àṣírí tí wọ́n jọ ń pa mọ́, àti ìgbà ìdánwò kí wọ́n tó gbani wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí oore dúró kí ibi kúrò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà tí yóò gbà ya àwọn méjèèjì nípa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nílẹ̀ ti ń kọsẹ̀.

Orísun méjì

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1776, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní Virginia dá Phi Beta Kappa sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjiyàn àti ìwé ni, ṣùgbọ́n ó ní ìbúra, ó sì ní ọ̀nà ìbọwọ́ tí àjèjì kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹgbẹ́ ìdálọ́lá fún àwọn tó mọ̀wé jù, àwọn mìíràn sì gba ìlànà ìkọ̀kọ̀ náà. Kappa Alpha Society bẹ̀rẹ̀ ní Union College, ìpínlẹ̀ New York, ní 1825. Sigma Phi àti Delta Phi tẹ̀lé e níbẹ̀ ní 1827. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìgbà náà le: àdúrà jẹ́ dandan, Látìn àti Gíríìkì ni wọ́n ń há sórí, àwọn olùkọ́ kì í sì í gbójú kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́. Inú ẹgbẹ́ nìkan ni ọ̀dọ́kùnrin ti lè jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹgbẹ́ ọkùnrin kò sì gbà wọ́n, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Kappa Alpha Theta, tó bẹ̀rẹ̀ ní Indiana ní 1870, wà lára àwọn tó ṣíwájú.

Orísun kejì yàtọ̀. Ní Cornell ní 1906, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méje ló dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀, nínú yunifásítì tí irú wọn kò ti pọ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kò sì fẹ́ wọn. Ní Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, Alpha Kappa Alpha bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Delta Sigma Theta sì tẹ̀lé e ní 1913. Lónìí, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án irú èyí ló wà lábẹ́ àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Howard ní 1930. Àwọn ti ìṣáájú tilẹ̀kùn mọ́ra nítorí pé ó wù wọ́n. Àwọn ti ẹ̀yìn kọ́lé tiwọn nítorí pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Ẹni tó bá fi ìdájọ́ kan ṣoṣo dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò tíì mọ ohun tó ń dájọ́ lé lórí.

Àwọn tó ní ẹgbẹ́ ń gbéni dépò

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó ń wo ọjọ́ iwájú ọmọ. Wọ́n á tọ́ka sí ìwádìí tí Gallup àti yunifásítì Purdue ṣe ní 2014 láàárín àwọn tó ti gboyè jáde: nínú àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ onílẹ́tà, 43 nínú 100 ni ọkàn wọn wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, láàárín àwọn tí kò wọ̀ ọ́, 38 ni. Ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ wá láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Union College, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n rí i pé wíwọ fraternity ń fa máàkì ọkùnrin wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.25 lórí òṣùwọ̀n tí 4 jẹ́ òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé owó tó ń wọlé fún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́ sókè ní nǹkan bí 36 nínú 100.

Ohun tí àwọn alátakò máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ tó ti lówó nílé ló ń rí owó ẹgbẹ́ san, pé owó bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n. Àwọn ti Union gbìyànjú láti yọ ipa ilé àti ìwà ọmọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ inú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé bí ó ṣe rí níbẹ̀ ló rí ní yunifásítì ìjọba tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì akẹ́kọ̀ọ́.

Ká tiẹ̀ wá gbà pé òótọ́ ni. Ibi tó yẹ ká tẹsẹ̀ dúró rèé, nítorí àwọn tó ń yọ̀ mọ́ iye yìí kì í wo ohun tó ń sọ. Bí máàkì bá wálẹ̀ tí owó sì gòkè, a jẹ́ pé kì í ṣe ìmọ̀ ló ń mú owó náà wá. Ojúlùmọ̀ ni. Ẹni tó ti jáde lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ń gbé ìwé ìbéèrè iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan kì í gba ẹni méjì: àyè tí ọmọ ẹgbẹ́ rí gbà, ẹlòmíràn tó mọ̀wé jù ú lọ ló pàdánù rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ kan àti òbí rẹ̀, ìdáhùn yìí dára, n kò sì ní dá a lẹ́bi bó bá tìtorí rẹ̀ wọlé. Fún àwùjọ, a ò tíì mọ̀ bóyá èrè ni tàbí ohun tí wọ́n kàn gbé láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Àwọn tó ń gbé ẹgbẹ́ ga ń dá ìbéèrè méjì yìí pọ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn tó ń wo ìyà ìwọlé àti ọtí

Ìdáhùn kejì kò ka owó sí rárá. Ní 1873, akẹ́kọ̀ọ́ kan já sínú ọ̀gbun ní Cornell nígbà tí Kappa Alpha Society ń gbà á wọlé, ó sì kú. Hank Nuwer, akọ̀ròyìn tó ti pẹ́ lẹ́nu ṣíṣàkọsílẹ̀ irú ikú báyìí, rí i pé láti 1959 títí dé 2021, ọdún kan kò lọ láìjẹ́ pé ìyà ìwọlé, ìyẹn ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ tuntun kí wọ́n tó gbà á wọlé, pa ó kéré tán ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ọtí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa wọ́n láyé òde òní: wọ́n á ní kí ọmọ tuntun mu odindi ìgò ọtí líle kan kó tó dìde. Ìwádìí Harvard ti àwọn ọdún 1990 fi hàn pé ó ju mẹ́rin nínú márùn-ún lọ lára àwọn ọkùnrin tó ń gbé inú ilé fraternity ló ń mu ọtí ní àmujù. Nígbà tí àwọn olùwádìí yunifásítì Michigan tọpa irú wọn dé ọmọ ọdún 35, nǹkan bí 45 nínú 100 ló ṣì ní àmì àìsàn ọtí lára.

Àtakò méjì ló wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Àkọ́kọ́ ni pé ìyà ìwọlé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ onílẹ́tà nìkan. Ní 2011, nínú ẹgbẹ́ onífèrè yunifásítì Florida A&M ni wọ́n ti lu akẹ́kọ̀ọ́ kan pa, àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá náà sì ní tiwọn. Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 2008, tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 11,000 lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì 53, rí i pé 55 nínú 100 àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí ló ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé ikú náà kò pọ̀ tá a bá fi wé iye àwọn tó ń wọlé lọ́dọọdún. Mo gba àkọ́kọ́, n kò sì jiyàn èkejì, ṣùgbọ́n wọn kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù. Ní Penn State ní oṣù kejì ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn nínú ilé ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní ọtí púpọ̀. Nǹkan bí wákàtí méjìlá kọjá kí ẹnikẹ́ni tó pe àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì. Àwọn tó wà nínú ilé náà kì í ṣe apànìyàn nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù pé wọn yóò ti ilé ẹgbẹ́, pé àṣírí yóò tú, ló dì wọ́n lọ́wọ́. Ìdè tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́ ará, tí iṣẹ́ fi ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni, òun náà ló dákẹ́ lórí ọmọ tó ń kú lọ.

Àwọn tó ní ẹgbẹ́ jẹ́ ààbò

Ìdáhùn kẹta ni mo kà sí èyí tó ní ọ̀wọ̀ jù, òun náà ló sì le jù láti dáhùn. Fún àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú, kì í ṣe ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń wà nínú ẹgbẹ́, títí ayé ni. Ẹ̀ka àwọn tó ti jáde wà ní ìlú káàkiri, wọ́n ń fún ọmọ ní owó ẹ̀kọ́, wọ́n ń kó èèyàn jáde láti dìbò. Delta Sigma Theta kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní Washington, ní oṣù kẹta ọdún 1913, láti bá àwọn obìnrin tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìbò rìn. Martin Luther King jẹ́ ọmọ Alpha Phi Alpha, ẹgbẹ́ náà ló sì bẹ̀rẹ̀ akitiyan tó bí ère rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Washington ní 2011. Nnamdi Azikiwe wọ Phi Beta Sigma nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá tó bá bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì ọgọ́rùn-ún tí aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ kò pé márùn-ún mọ ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fún un, òbí tó bá sì fi ojú ẹgbẹ́ òkùnkùn bíi Buccaneers tàbí Black Axe wo Alpha Kappa Alpha kò ṣe ẹ̀tọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rí tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà níbí. Ní 1990, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú fẹnu kò láti fòpin sí ìgbà ìdánwò ọlọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀. Dípò rẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọn yóò fi máa gbani wọlé. Kò sí agbófinró tó fi ipá mú wọn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fúnra wọn ló rí i pé ìyà ti pọ̀ jù. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyà náà wọ abẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó bófin mu wọlé, wọn á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ìwé nìkan ló ti di ọmọ ẹgbẹ́, kò sì ní rí ọ̀wọ̀ kan náà gbà. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń wá ìyà náà kiri. Walter Kimbrough, tó kọ ìwé Black Greek 101 ní 2003, tó sì ti jẹ́ ààrẹ yunifásítì, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyà bá jẹ́ àṣìṣe àwọn aṣáájú, àṣẹ aṣáájú ì bá ti pa á. Ó jọ pé lójú àwọn tó ń wọlé, ìyà náà ni owó tí wọ́n fi ń ra ìdè.

Àwọn tó ń bèèrè pé ta ni wọ́n ń tì síta

Yíyàn ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó bá sì ń yàn ń kọ̀. Ní yunifásítì Alabama, tó gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú wọlé ní 1963, ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú àṣírí ohun tó ń lọ, kí àwọn sorority aláwọ̀ funfun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọbìnrin dúdú bíi mélòó kan pọ̀. Ní Oklahoma ní 2015, fídíò orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ń kọ nínú bọ́ọ̀sì mú kí yunifásítì ti ẹ̀ka wọn pa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òfin àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti fún ẹgbẹ́ wọ̀nyí láyè láti 1974 pé kí wọ́n máa gba ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan. Àwọn olùgbèjà ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni kó yan ẹni tó fẹ́ bá rìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń pín iṣẹ́ àti ipò ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lásán, ìyẹn sì dá wa padà sí owó tó gòkè ní 36 nínú 100 ọ̀hún.

Àwọn tó ní kí wọ́n pa á rẹ́

Williams College bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí fraternity ní 1962. Colby ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1984, Bowdoin pinnu tirẹ̀ ní 1997, àwọn fraternity méjèèjì tó wà ní Swarthmore sì tú ká fúnra wọn ní 2019. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ṣì dúró, òkìkí wọn kò sì dín kù. Èyí ni agbára ìdáhùn yìí: ó fi hàn pé kọ́lẹ́ẹ̀jì lè wà láìsí ẹgbẹ́ onílẹ́tà. Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ni wọ́n, wọ́n lówó, wọ́n sì lè fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ibùgbé àti ibi ìjẹun tó dára. Williams kò kàn fòfin dè é, ó pèsè ohun tí ẹgbẹ́ ń pèsè. Harvard gbìyànjú ọ̀nà tó rọ̀ jù ní 2016, pé ọmọ ẹgbẹ́ ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan kò ní di balógun eré ìdárayá tàbí aṣáájú ẹgbẹ́ tí yunifásítì fọwọ́ sí. Ẹjọ́ mú kó pa òfin náà tì ní 2020. Ní Duke, ọ̀pọ̀ fraternity kàn já ara wọn gbà kúrò lábẹ́ yunifásítì ní 2021, wọ́n sì ń bá ìgbésí ayé wọn lọ níta.

Ibí ni ìtàn tiwa ti wúlò. Ní 1952, ní University College Ìbàdàn, Wole Soyinka àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá Pyrates sílẹ̀, láti tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìgbéraga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fara wé òyìnbó amúnisìn. Ète rẹ̀ kò burú. Àwọn kan ya kúrò, wọ́n dá Buccaneers sílẹ̀ ní 1972. Òmíràn tẹ̀lé òmíràn. Pyrates kó ẹsẹ̀ kúrò nínú ọgbà yunifásítì ní 1984, ìjọba ológun ṣòfin ní 1989, síbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Ifẹ̀ ní òru. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2021 gbé ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún kalẹ̀, ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣì wà ní àdúgbò. N kò sọ pé Alabama yóò di Ifẹ̀. Ìjọba ológun, àwọn olóṣèlú tó ń fún ọmọ níbọn, àti yunifásítì tí wọ́n fi ebi owó pa ló sọ ẹgbẹ́ wa di ohun tó dà. Ohun tí ìtàn náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju èyí lọ: òfin tó ka ẹgbẹ́ léèwọ̀ láìpèsè ohun mìíràn ń lé e sí ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.

Àwọn tó ní kí wọ́n tún un ṣe

Ìdáhùn ìkẹyìn ló ń lékè báyìí. Zeta Beta Tau fagi lé ipò ọmọ tuntun ní 1989, Sigma Alpha Epsilon ṣe bákan náà ní 2014, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá wọlé jẹ́ ọgbọọgba láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ikú Penn State, Pennsylvania sọ ìyà ìwọlé tó bá pa èèyàn tàbí tó ṣe é léṣe gidi di ọ̀ràn ńlá ní 2018. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, òfin àpapọ̀ kan jáde tó pàṣẹ pé kí yunifásítì máa ka ìyà ìwọlé mọ́ ìròyìn ààbò ọdọọdún wọn, kí wọ́n sì gbé orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá lẹ́bi síta kí gbogbo èèyàn lè kà á.

Mo rò pé èyí ni ìgbésẹ̀ tó gbọ́n jù títí di ìsinsìnyí, nítorí pé ó gba ibi àṣírí wọlé. A kò lè dá fraternity lẹ́jọ́ lápapọ̀. Ẹ̀ka kan ní yunifásítì kan ni ọmọ ń wọ̀, ẹ̀ka méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ohun tí òbí nílò láti mọ ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ti fi pamọ́ láti ìgbà pípẹ́. Àléébù òfin náà ni pé kìkì ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n lè kọ. Yunifásítì tó bá ń wá ìdí ọ̀rọ̀ dáadáa ni orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́. Èyí tó bá dijú, ìwé rẹ̀ á mọ́ tónítóní.

Ohun tí kò tíì yanjú

A kò lè mọ̀ bóyá owó tó ń gòkè lẹ́yìn ẹgbẹ́ wá láti inú ẹgbẹ́ tàbí láti ilé tí ọmọ ti wá, àyàfi tí ẹnì kan bá ṣe irú ìwádìí Union ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tó yàtọ̀ síra. A kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ tó gba ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ yóò dín ọtí kù tàbí yóò kàn yí bí wọ́n ṣe ń mu ún padà. A kò mọ bí yunifásítì ńlá, tí ilé ẹgbẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ṣe lè ṣe ohun tí Williams ṣe. Èyí tó jinlẹ̀ jù wà nínú ìwádìí 2008 ọ̀hún: nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti fi ìyà jẹ, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò kà á sí ìyà. Òfin 2024 dúró lórí pé ẹni tí nǹkan ṣe yóò mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, yóò sì sọ ọ́. Bí kò bá mọ̀, ta ni yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn náà?